Ẹ Má Nu Eruku Yẹn

Obìnrin kan wà ní àdúgbò Belmont, ní ìlú Port of Spain, ní erékùṣù kan lódìkejì òkun, tó ń jẹ́ Enid. Tántì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, àtọmọdé àtàgbà. Nígbà tí òjò dá, tí atẹ́gùn tútù bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ wá láti orí òkè láàárọ̀, tí aṣọ ń gbẹ kí èèyàn tó yíjú kúrò lára okùn, inú gbogbo èèyàn dùn pé ẹ̀ẹ̀rùn ti dé. Inú Tántì Enid nìkan ni kò dùn. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó fọwọ́ síjú, ó ń wo ojú ọ̀run bí ẹni ń wo oníbàárà tó fẹ́ ra àwìn.

"Ó dákẹ́ jù," ló wí. "Ojú ọjọ́ tó bá dákẹ́ báyìí, ó ní nǹkan tó ń fi pa mọ́."

Bó ṣe rí nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fún un lẹ́bùn, á kọ́kọ́ yẹ ìdí rẹ̀ wò. Tí àlùfáà bá rẹ́rìn-ín sí i lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, á máa rò ó délé pé kí ni ọkùnrin yìí ń wá. Kì í ṣe èèyàn burúkú o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ìfura ló kàn bá a wáyé.

Ọkọ rẹ̀ ni Selwyn. Takisí ló wà nílùú yìí títí gbogbo irun orí rẹ̀ fi funfun. Láàárín òjò tó kọjá ni rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Apá ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ọ̀rọ̀ sì wá ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Dókítà ní kò gbọ́dọ̀ jókòó sídìí sítíárì mọ́ láyé. Bí Datsun àtijọ́ tó fi ń ṣe takisí ṣe wà lábẹ́ páànù lẹ́yìn ilé nìyẹn, tí ẹnikẹ́ni ò wà á mọ́.

Ohun tó dun Enid jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kan. Lọ́dọọdún, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, tí àwọn igi orí òkè bá wọ́ ewé dànù tí wọ́n tanná pupa, ọjọ́ Àìkú kan máa ń wà tí Selwyn kì í gbé èrò. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni èrò ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Wọn á gun òkè lọ sétí òkun ní Maracas, wọn á ra búrẹ́dì díndín tí wọ́n ki ẹja díndín bọ̀ láàárín, wọn á jókòó sínú mọ́tò, wọn á máa jẹ ẹ́, wọn á máa wo omi. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra ni wọ́n ti ń ṣe é. Lọ́dún yìí, Enid mọ̀ pé ìyẹn ti tán. Ó gbé e mì.

Ẹnì kẹta tó wà nínú ilé náà ni Kerwin, ọmọ ẹ̀gbọ́n Enid, ọmọkùnrin gìrìpá kan tó ti Toco wá ṣiṣẹ́ ní èbúté. Ìdájí ló ń jáde, ọ̀sán ló ń dé. Òun ló ń gbé Selwyn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, òun ló ń gbé e lọ wẹ̀. Selwyn tóbi, Enid sì kéré bí ẹyẹ. Bí Kerwin bá jáde nílé yẹn lónìí, kò sẹ́ni tó máa gbé Selwyn dìde lọ́la. Enid mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Síbẹ̀, ọmọ yìí gan-an ló ń fura sí jù, torí pé kì í ráhùn. Enid ò tíì rí ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn tí kì í ráhùn.

Lẹ́yìn Kérésì ni eruku dé. Wọ́n ní aṣálẹ̀ Áfíríkà ni atẹ́gùn ti ń gbé e bọ̀, tó ń gbé e la òkun kọjá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọyẹ́, ẹ mọ irú rẹ̀. Àwọn òkè tó yí ìlú ká pòórá, oòrùn funfun bí àwo, gbogbo èèyàn ń húkọ́. Láàárọ̀ àwọn obìnrin Belmont á nu tábìlì, lọ́sàn-án wọn á tún un nù, tó bá di ìrọ̀lẹ́ èèyàn á tún lè fi ìka kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Enid lọ̀gá wọn nínú eruku nínù yìí, torí kọ́tìnì Kérésì rẹ̀ tuntun ni, funfun báláú, kò sì ní gbà kí eruku ti ibì kankan wá bà á jẹ́.

Ọjọ́rú kan ló lọ sẹ́yìn ilé lọ mú korobá. Ó rí i pé eruku ti bo Datsun náà láti orí dé táyà. Ìyẹn ò yà á lẹ́nu. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ipa ọwọ́ èèyàn wà níbẹ̀: ìka márùn-ún àti àtẹ́lẹwọ́, ó hàn kedere.

Enid ju korobá sílẹ̀. Ó sáré lọ sídìí ọgbà.

"Indra! Indra, jáde síbí!"

Indra, aládùúgbò rẹ̀, yọjú pẹ̀lú ṣíbí ìdáná lọ́wọ́. "Kí ló dé, Tántì? Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Ta lo rí nínú ọgbà mi lánàá, nígbà tí mo lọ sí ìpàdé ìyá ìjọ?"

"Mi ò rí ẹnì kankan. Àfi Kerwin yín tó ti ibiṣẹ́ dé." Indra wò yíká, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má bínú o, Tántì, àmọ́ ṣé ẹ mọ̀ pé ọdún Kánífàlì ti sún mọ́lé? Àwọn ọmọkùnrin ìwòyí, wọn ò lè ṣe kí wọ́n má ní mọ́tò lásìkò yẹn. Èmi ò sọ nǹkan kan o."

"O ti sọ ọ́ tán," ni Enid wí, ó sì padà sílé.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni nǹkan yí padà. Kerwin dé, ó bọ́ bàtà, ó mú àkísà kó bá ìyá yìí nu tábìlì gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe.

"Ju àkísà yẹn sílẹ̀."

"Tántì?"

"Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ nu eruku kankan nínú ilé yìí mọ́. Kò gbọ́dọ̀ gbá ilẹ̀. Kí gbogbo nǹkan wà bó ṣe wà."

Kerwin wò ó lókè, wò ó nísàlẹ̀. "Tántì, ara yín yá báyìí?"

"Ara mi le koko. Eruku ò pààyàn."

Ẹ ò rí nǹkan! Obìnrin tó jẹ́ pé bí eṣinṣin bà lórí tábìlì rẹ̀, á nu ibi tí eṣinṣin bà. Òjò kì í jẹ́ kéèyàn mọ nǹkan kan, bó ṣe rò ó nìyẹn. Ó ń fọ ipasẹ̀ olè dànù. Ẹ̀ẹ̀rùn ni kì í bo nǹkan. Tí eruku bá ti dúró, ẹni tó bá rìn níbẹ̀ á fi ara rẹ̀ hàn. Bẹ́ẹ̀ ni ilé rẹ̀ ṣe di aláwọ̀ pupa, láti orí rédíò dé orí ère Màríà tó wà lókè fèrèsé. Kọ́tìnì Kérésì náà di bíi ti ẹni tó ń ta èédú. Indra ò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Tántì, ṣé ẹ fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́ sórí tábìlì yẹn ni?"

"Mo fẹ́ gbin ọ̀tá mi," ni Enid dá a lóhùn.

Kò sì pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà nínú agolo bisikíìtì lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó rí i pé ẹnì kan ti ṣí ìdérí agolo náà. Lẹ́yìn ilé, lórí sìmẹ́ńtì, ó rí ipa bàtà Kerwin, ó mọ̀ ọ́n, bàtà ibiṣẹ́ rẹ̀ ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ipa bàtà náà, ilà kan gùn láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn títí dé ara mọ́tò, bí ìgbà tí wọ́n wọ́ àpò wúwo nílẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá sì ti jáde nílé tó padà dé, ilà yẹn á ti di tuntun, ọwọ́ yẹn á sì ti wà lára ilẹ̀kùn.

Kí ni wọ́n ń wọ́? Kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ yìí ń tú mọ́tò ọkọ òun díẹ̀díẹ̀ ni, ó ń wọ́ àwọn ẹ̀yà mọ́tò náà jáde.

Ó lọ bá Selwyn lórí àga rẹ̀. "Selwyn, ta ló máa ń lọ sẹ́yìn ilé tí mi ò bá sí ńlé?"

Selwyn ronú díẹ̀. "O... ológbò ni."

"Ológbò? Ológbò wo ló ní ìka márùn-ún, tó ń ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò?"

Selwyn kọjú sógiri, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Enid rò pé ikọ́ eruku ló gbé e, ó lọ bu omi ìṣápá tútù wá fún un. Bó ṣe ń mu ún, ojú rẹ̀ ń ṣomi. Ó ní kí Enid bá òun fọ ẹ̀wù funfun òun, èyí tó máa ń wọ̀ jáde. Enid fọ̀ ọ́, ó sá a, ó lọ̀ ọ́, kò béèrè ibi tó ń lọ. Òun tó ń fura sí gbogbo ayé, kò fura sí ẹni tí kò lè dìde.

Ní ọjọ́ Sátidé, Kerwin ń jẹun lọ́wọ́, ó wá dédé béèrè pé, "Tántì, ṣé ẹ máa pẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la?"

Enid gbé ṣíbí sílẹ̀. "Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Kò sí o. Mo kàn béèrè ni."

"O kàn béèrè! Kerwin, mo ti mọ̀ ẹ́. Mọ́tò ọkọ mi lo ń tú tà. Kí lo kọ́kọ́ yọ, bátìrì àbí táyà? Lọ́la lo fẹ́ wá kó ìyókù, àbí?"

Ẹnu Kerwin dúró lórí oúnjẹ. "Tántì, kí lẹ pè mí yẹn?"

"Mi ò tíì pè ọ́ nǹkan kan. Eruku ló pè ọ́. Ipa bàtà rẹ wà níbẹ̀, ipa nǹkan tó ò ń wọ́ wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ wà lára ilẹ̀kùn. Ṣé eruku ń parọ́ mọ́ ọ ni?"

Kerwin yíjú wo Selwyn. Selwyn ti di apá àga mú, ẹnu rẹ̀ ń jà. "E... Enid... kì í ṣe... è..."

"Ìwọ dákẹ́! Má gbè é! Ó ń gbé ẹ láàárọ̀, ó ń jà ẹ́ lólè lọ́sàn-án, o sì ń gbèjà rẹ̀!"

"Ọ́ńkù, ẹ fi sílẹ̀," ni Kerwin wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "A ti jọ ṣàdéhùn, èmi ò ní tú àṣírí wa. Ẹni tó bá sì ti wò mí lójú tó pè mí lólè, mi ò ní àlàyé kankan fún un." Ó dìde, ó wọ yàrá, kò pẹ́ tó jáde pẹ̀lú báàgì rẹ̀ léjìká. Lẹ́nu ọ̀nà ló ti yí padà. "Tántì, eruku tẹ́ ẹ ń kà yẹn, ẹ kà á dáadáa. Ọwọ́ wo ni ọwọ́ yẹn?"

Ó lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní òpópónà kejì. Enid ò lọ wo ọwọ́ kankan. Ó ní ọgbọ́n àrékérekè ni. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, òun àti Indra fa Selwyn, wọ́n tì í, wọ́n làágùn, wọn ò lè gbé e dórí bẹ́ẹ̀dì. Orí àga ló sùn mọ́jú. Ó kọjú sógiri, kò wo ìyàwó rẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú mọ́, atẹ́gùn sì ti gbá ojú ọ̀run mọ́ tónítóní. Bí Enid ṣe ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbójú sókè, ó rí àwọn òkè, ó rí àwọn igi tó ti tanná lórí wọn, pupa fòò. Ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Ó yíjú kúrò níbẹ̀ kíá.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àlùfáà ń wàásù, Enid ò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ Kerwin ló ń dún létí rẹ̀. Ọwọ́ wo ni ọwọ́ yẹn? Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé orí ìwé àdúrà, ó ń wò wọ́n. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún kúrò, ó wo èyí tó kù. Àtàǹpàkò tó rí lára ilẹ̀kùn mọ́tò, apá ọ̀tún ló kọjú sí. Ọwọ́ òsì ni, nígbà gbogbo, kò sí ọ̀tún rí. Kerwin kì í sì fi òsì ṣe nǹkan kan. Ta ló wà nínú ilé yẹn tó jẹ́ ọwọ́ òsì nìkan ló ní?

"Yéè, Jésù mi!" ni Enid wí. Obìnrin tó jókòó tì í rò pé Ẹ̀mí ló gbé e. Ó dìde láàárín orin, ó jáde, ó ń sáré wálé pẹ̀lú fìlà ṣọ́ọ̀ṣì lórí.

Orí àga ṣófo. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní ṣíṣí. Ilà yẹn wà lórí sìmẹ́ńtì, tuntun, ó wọ́ lọ, ó wọ́ lọ, kò sì sí ipa bàtà Kerwin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ipa ẹsẹ̀ òsì lásán ló wà níbẹ̀. Níbi tí ilà náà parí sí, Selwyn wà nílẹ̀ lẹ́bàá mọ́tò, nínú ẹ̀wù funfun tó fi ọwọ́ kan dè ní bọ́tìnnì ségesège. Ilẹ̀kùn mọ́tò ṣí sílẹ̀ lókè orí rẹ̀.

"Selwyn! Ṣé o fara pa? Ta ló gbé ẹ débí?"

"Èmi... èmi ni. Mo... rìn."

"O rìn? Láti ìgbà wo?"

"Kerwin ń... kọ́ mi. Ó ń di... ìgbànú mi mú... lẹ́yìn." Selwyn mí. "Mi ò fẹ́ kó gbé mi... bí àpò ìrẹsì... sínú mọ́tò... lójú ẹ. Kerwin á... wà á. Èmi á dá... wọlé fúnra mi. Òdòdó ti... tan, Enid. Ìwọ nìkan... ni èrò."

Enid jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sunkún bí ọmọdé. Ojú tì í. Ojú tì í débi pé kò lè wo ọkọ rẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ ọkọ òun ní ìrìn, òun ló pè lólè. Ẹsẹ̀ ọkọ òun tó ń wọ́ nílẹ̀, òun ló kà sí ẹrù olè.

Ó gbìyànjú láti gbé e, kò mira. Ló bá jáde sí òpópónà. Ó bá Kerwin níwájú ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀, láàárín àwọn ọmọkùnrin tó ń ta káàdì, báàgì rẹ̀ ti wà léjìká. Bọ́ọ̀sì Toco ló fẹ́ lọ wọ̀.

"Kerwin, mo ti kà á. Ọwọ́ òsì ni." Kò bìkítà fún àwọn tó ń wò ó. "Èmi ni mo ṣẹ̀. Má tìtorí mi wá, tìtorí Ọ́ńkù rẹ wá. Ó wà nílẹ̀."

Kerwin ò dúró gbọ́ ìyókù. Kí Enid tó padà délé, ó ti sọ báàgì sórí àga ẹ̀yìn mọ́tò, ó ti gbé Selwyn dìde, ó di ìgbànú rẹ̀ mú lẹ́yìn. Selwyn fi ọwọ́ òsì di ilẹ̀kùn mú, ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó fi ọwọ́ fa ìkejì. Ó jókòó. Ó wo Enid, ó ní, "Ṣé o... rí i?"

"Mo rí i," ni Enid wí. Ó yíjú sí Kerwin. "Ọmọ mi, wọlé wá jẹun ná."

Kerwin wo ẹnu ọ̀nà, ó wo bàtà rẹ̀. "Tántì, ṣé kí n nu ẹsẹ̀ mi kí n tó wọlé ni, àbí ẹ ṣì fẹ́ máa ka ipasẹ̀ mi?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Enid lára ṣinṣin. Kerwin wọlé sídìí sítíárì. "Ẹ wọlé, ká máa lọ. Tá a bá dé, mo ṣì máa bá bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́."

Wọ́n gun òkè lọ. Gíláàsì wà ní sísọ̀, eruku ojú ọ̀nà ń wọlé, Selwyn na ọwọ́ òsì rẹ̀ síta kí atẹ́gùn máa fẹ́ ẹ. Enid wà lẹ́yìn pẹ̀lú báàgì Kerwin. Wọ́n jẹ búrẹ́dì díndín, ata ń ta wọ́n lẹ́nu, wọ́n wo omi. Selwyn rẹ́rìn-ín lọ́pọ̀ ìgbà. Kerwin ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Enid bá ti wo báàgì yẹn, á gbé búrẹ́dì sílẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n padà dé. Kerwin di Selwyn mú wọlé, wọ́n rọra ń lọ, ẹsẹ̀ kan ń tẹ̀, ìkejì ń wọ́. Ó gbé e jókòó, ó fún un lómi, ó jáde lọ mú báàgì rẹ̀. Báàgì ò sí nínú mọ́tò.

Ó padà wọlé. Báàgì náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá rẹ̀.

"Tántì, ta ló gbé báàgì mi wọlé?"

Enid wà nídìí ìdáná, ó kẹ́yìn sí i, ó ń ro ọbẹ̀ tí kò nílò ríro. "Ológbò ni," ló wí.

Kerwin bẹ̀rẹ̀ wo báàgì náà. Eruku ojú ọ̀nà Maracas ti bò ó, nínú eruku náà ni ipa ọwọ́ méjì wà, ọwọ́ kéékèèké bíi ti ẹyẹ, ó dì í mú lápá ọ̀tún, ó dì í mú lápá òsì.

"Ológbò wo ló ní ìka mẹ́wàá?" ni Kerwin béèrè.

Selwyn bú sẹ́rìn-ín lórí àga rẹ̀ títí ikọ́ fi gbé e. Enid ò yíjú padà, ó ń dúró, ó ń gbọ́. Kerwin jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì náà, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà rẹ̀.